Àgọ́ Ìfìtànhàn ní Ọ̀nà Àárù Ńlá: Òwò Awọ Onírun àti Ohun tí Àlejò Ń Bá Níbẹ̀

Ìfáàrà

Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì nínú oṣù kẹjọ ọdọọdún, oríṣìíríṣìí ènìyàn a máa kó àgọ́ aláṣọ funfun lọ sí etí adágún Superior, ní ìletò kan tí ń jẹ́ Grand Portage ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, nítòsí ààlà ilẹ̀ Kánádà. Wọn a bọ́ aṣọ òde òní sílẹ̀, wọn a wọ irú èyí tí àwọn oníṣòwò awọ wọ̀ ní àwọn ọdún 1790. Wọn a dáná igi, wọn a se ọbẹ̀ nínú ìkòkò bàbà, wọn a yin ìbọn ṣakabùlà, wọn a wa ọkọ̀ àjẹ̀. Àlejò a sì máa rìn kiri láàrin wọn, a máa wòye, a máa bèèrè ọ̀rọ̀. Irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè ní àgọ́ ìfìtànhàn. Àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ ni yóò sì máa jẹ́ afìtànhàn.

Ohun tí ó mú kí irú àgọ́ yìí yẹ fún àyẹ̀wò ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wá síbẹ̀ kò ní ka ìwé kankan mọ́ lórí òwò awọ. Ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni yóò jẹ́ ìtàn lójú wọn. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé àgọ́ náà ṣeé gbẹ́kẹ̀lé púpọ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ nípa àjọṣe ẹ̀dá pẹ̀lú ẹ̀dá: láàrin ẹni tí ó ni ẹrù àti ẹni tí ó rù ú, láàrin ẹni tí ó wá ra awọ àti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ibi tí Grand Portage ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ibùdó mìíràn ni pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ kò lọ. Ó wà níbẹ̀ títí di òní, ó sì ń sọ tẹnu rẹ̀.

Fífi ìtàn hàn lọ́nà báyìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1891 ni Artur Hazelius ṣí ọgbà Skansen ní Stockholm, tí ó kó àwọn ilé àtijọ́ jọ síbẹ̀ láti ẹkùn gbogbo ní Sweden, tí ó sì fi àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ àtijọ́ sínú wọn. Láti ìgbà náà wá, ọ̀nà méjì ni ó ti wọ́pọ̀. Nínú ọ̀nà kìíní, afìtànhàn a sọ ara rẹ̀ di ẹni àtijọ́ pátápátá: bí àlejò bá bi í léèrè nípa ọkọ̀ òfuurufú, yóò ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ibùdó Plimoth ní Massachusetts sọ ọ̀nà yìí di gbajúmọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nínú ọ̀nà kejì, aṣọ àti iṣẹ́ nìkan ni ti àtijọ́, ẹnu tí afìtànhàn fi ń sọ̀rọ̀ jẹ́ ẹnu òde òní, tí ó lè wí pé “báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é, ìdí rẹ̀ sì nìyí.” Ọ̀nà kejì kò dùn lójú òǹwòran tó ti ìṣáájú. Síbẹ̀ òun ni ó sàn jù fún ẹni tí ń wá òótọ́, nítorí ẹni tí ó bá ń ṣe bí ará ọdún 1797 kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1854.

Àkẹtẹ̀ àti ẹranko inú omi

Àkẹtẹ̀ ni ó dá gbogbo òwò náà sílẹ̀. Ẹranko kan wà tí ń gbé inú odò ilẹ̀ olótùútù, bífà ni orúkọ rẹ̀. Eyín rẹ̀ mú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gé igi lulẹ̀, igi náà ni ó sì fi ń sé odò kí ó lè kọ́lé sínú omi. Irun oríṣìí méjì ni ó wà lára rẹ̀: èyí tí ó gùn tí ó sì le, tí ó wà lókè, àti èyí tí ó kúrú tí ó rọ̀ bí òwú, tí ó wà lábẹ́. Ti abẹ́ yìí ni àwọn onífìlà Yúróòpù ń wá. Fọ́nrán irun náà ní ìkọ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Bí wọ́n bá fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ pọ̀, yóò so kọ́ra, kò sì ní tú mọ́. Àkẹtẹ̀ tí wọ́n bá fi ṣe kì í tètè rọ̀ bí òjò bá pa á. Nígbà tí bífà ilẹ̀ Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ojú gbogbo kọ sí Amẹ́ríkà ti Àríwá.

Ohun kan wà nínú òwò yìí tí ó yẹ kí ó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní ìgbà ìṣáájú òwò náà, awọ tí ó níye lórí jù kì í ṣe awọ tuntun. Èyí tí ọdẹ inú igbó ti fi bora fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, nítorí òógùn àti ọ̀rá ara rẹ̀ ti mú kí irun líle òkè re dànù. Aṣọ àlòkù onílẹ̀ ni ó ń di àkẹtẹ̀ tuntun lórí ọlọ́lá ìlú London. Láti nǹkan bí ọdún 1830 ni àkẹtẹ̀ ṣẹ́dà ti bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ méjì ni ó jìjàdù òwò yìí jù. Hudson's Bay Company gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1670. North West Company sì jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Montreal, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Scotland, tí wọ́n da owó wọn pọ̀ láti ọdún 1779. Ti ẹ̀yìn yìí ni ó ní Grand Portage. Àwọn méjèèjì di ọ̀kan ní ọdún 1821.

Nínú ọjà tí wọ́n fi ń ra awọ, kúbùsù, ìbọn, ẹ̀tù, ìkòkò, ìlẹ̀kẹ̀ àti ọtí líle ni gbogbo ènìyàn ń dárúkọ. Tábà kò yẹ kí ó gbẹ́yìn. Hudson's Bay Company a máa ra tábà Brazil ní Lisbon, èyí tí wọ́n lọ́ bí okùn, nítorí pé àwọn onílẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Virginia lọ. Tábà Bahia, tí wọ́n fi omi ìrèké dídì pa lára, náà ni àwọn oníṣòwò ẹrú ń kó wá sí etí òkun Ouidah, Porto-Novo àti Èkó, gẹ́gẹ́ bí Pierre Verger ti ṣàlàyé nínú iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ti ọdún 1968. Ewé tí ó kéré jù ní ìwọ̀n ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún etí òkun ti ìhín. Ilẹ̀ kan náà ni ewé ti hù, ọwọ́ ẹrú ni ó sì gbìn ín: apá kan ń lọ ra awọ ẹranko ní ilẹ̀ yìnyín, apá kan ń bọ̀ wá ra ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá àti Dahomey. Bí afìtànhàn kan bá na ìdì tábà sí àlejò ní àgọ́, gbogbo ìrìn àjò yìí ni ó wà nínú ìdì náà, bí ẹnikẹ́ni tilẹ̀ bá a sọ ọ́ tàbí kò sọ ọ́.

Ọ̀nà Àárù Ńlá

Àwọn Ojibwe, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Anishinaabe, ni wọ́n sọ ibẹ̀ ní Gichi-onigamiing. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi ńlá tí wọ́n ti ń fi orí ilẹ̀ ru ọkọ̀ àti ẹrù kọjá. Àwọn Faransé wá yí i sí èdè tiwọn. Orúkọ náà bá iṣẹ́ mu gan-an, “Ọ̀nà Àárù Ńlá” ni Yorùbá ìbá sì pè é. Odò Pigeon ni ọ̀nà omi tí ó wọ inú ilẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ibi tí odò náà ti súnmọ́ adágún kún fún òkìtì omi àti àfonífojì tí ọkọ̀ kankan kò lè là kọjá. Nítorí náà, wọ́n níláti gbé gbogbo ẹrù lé ẹ̀yìn fún máìlì 8.5 kí wọ́n tó tún bá omi tí ó rọ̀ pàdé ní ibi tí wọ́n pè ní Fort Charlotte.

Ìdí tí ìpàdé fi ń wáyé níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ yìnyín. Kò sí ọkọ̀ àjẹ̀ tí ó lè kúrò ní Montreal, kí ó dé inú igbó jíjìn ní àríwá ìwọ̀-oòrùn, kí ó sì padà kí omi tó dì. Nítorí náà wọ́n pín ọ̀nà sí méjì. Àwọn ará Montreal a kó ọjà wá nínú ọkọ̀ ńlá tí ó gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 36. Àwọn tí ó lo ìgbà òtútù nínú igbó a kó awọ wá nínú ọkọ̀ kékeré tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25. Ní oṣù keje, wọn a pàdé, wọn a pààrọ̀ ẹrù, oníkálukú a sì yí padà. Àwọn ti inú igbó a máa fi àwọn ti Montreal ṣe yẹ̀yẹ́ pé ajẹ-ọ̀rá-ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n, nítorí àgbàdo àti ọ̀rá ni oúnjẹ wọn lójú ọ̀nà. Omi eérú ni wọ́n fi ń bó àgbàdo náà kí wọ́n tó sè é; bí ó ti máa ń rí lẹ́yìn náà kò jìnnà sí ègbo.

Ìdì ẹrù kọ̀ọ̀kan wúwo tó 90 pọ́n-ùn, méjì sì ni alárù kan ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Kò sí òṣùká, orí kọ́ ni wọ́n sì gbé e lé. Ọ̀já awọ ni wọ́n so mọ́ ẹrù, wọn a gbé àárín rẹ̀ kọ́ iwájú orí kí ẹrù lè sùn sí ẹ̀yìn, ìdì kejì a sì jókòó lé èkíní. Alexander Mackenzie, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn onípìn-ín ilé-iṣẹ́ náà, tí ìwé ìrìn àjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1801, sọ pé ìdì mẹ́jọ ni ó kan ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà yìí, àti pé wọ́n ti dán ẹṣin àti màlúù wò ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní òun mọ àwọn kan tí wọ́n ru ìdì méjì lọ tí wọ́n sì ru méjì bọ̀ láàrin wákàtí mẹ́fà. Ẹni tí ó bá ṣírò ìdì mẹ́jọ náà ní méjì méjì, ní àlọ àti àbọ̀, yóò rí i pé máìlì 68 ni ẹsẹ̀ rìn.

Ó yẹ kí ìdúró díẹ̀ wà lórí ẹ̀rí yìí. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ẹni tí ó ni ẹrù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn alárù kò mọ ìwé kọ, ohun tí wọ́n sì fi sílẹ̀ ní àkọsílẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwé kan náà ni ó sọ pé nígbà mìíràn ọkùnrin 1,200 a péjọ síbẹ̀, wọn a mu ọtí, wọn a jà, ṣùgbọ́n wọn kì í yéé bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá wọn. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ni ó sọ bẹ́ẹ̀.

Nínú àgọ́

Odi onígi kan ni àlejò ń kọ́kọ́ rí, tí gbọ̀ngàn ńlá wà nínú rẹ̀ àti ilé ìdáná lẹ́yìn rẹ̀. Ilé tí wọ́n ń kó ọkọ̀ àjẹ̀ pamọ́ sí wà níta odi. Àgọ́ àwọn afìtànhàn náà wà níta, èyí sì bá ìtàn mu: inú gbọ̀ngàn ni àwọn onípìn-ín, akọ̀wé, afọ̀nàhàn àti ògbufọ̀ ti ń jẹun, tí wọn a tó ọgọ́rùn-ún nígbà mìíràn, ìta ni alárù ń sùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé.

Àwọn afìtànhàn a máa fọwọ́ líle mú òfin wọn. Ohun ike kò gbọdọ̀ hàn. Bí ẹnìkan bá ní àpótí yìnyín, kúbùsù ni yóò fi bò ó. Ní àwọn àgọ́ tí ó ń ṣe ìrántí ìpàdé awọ ti Òkè Rocky, ọdún 1840 ni ààlà: ohun tí wọn kò tíì ṣe ṣáájú ọdún náà kò gbọdọ̀ wọlé, nítorí 1825 ni ìpàdé àkọ́kọ́ níbẹ̀, 1840 sì ni ìkẹyìn. Àwọn kan a máa fi irú àfiyèsí bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti fi akọ òkúta àti irin ṣáná lábẹ́ òjò mọ ohun kan tí kò sí nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kankan.

Ọkọ̀ àjẹ̀ ni ó fi èyí hàn dáadáa jù. Èèpo igi tí wọ́n ń pè ní báàṣì ni ara rẹ̀. Wọn a bó o lódindi, wọn a fi gbòǹgbò igi rán an, wọn a fi oje igi tí wọ́n yọ́ dí ojú ìránṣọ. Òkúta kan ṣoṣo lè lu ú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń tún un ṣe wà nínú igbó ní gbogbo ibi tí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí. Ìmọ̀ yìí ìbá ti parun ní ọ̀pọ̀ ibi, bí kì í bá ṣe ti àwọn àgbà onílẹ̀ tí wọn kò dẹ́kun iṣẹ́ náà, àti ti Edwin Tappan Adney tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ọkọ̀ wọn tí ó sì ya àwòrán wọn. Ìwé tí Howard Chapelle ṣe láti inú iṣẹ́ Adney jáde ní ọdún 1964, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí afìtànhàn bá jókòó tí ó ń rán èèpo igi lójú àlejò, kì í ṣe eré ni ó ń ṣe. Iṣẹ́ gan-an ni.

Ọ̀nà àárù náà ṣì wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín láti odi títí dé Fort Charlotte, níbi tí wọn kò tún ilé kankan kọ́ sí. Ìrìn yìí, láìru nǹkan kan, kọ́ ènìyàn ju ìbọn yínyìn lọ.

Ohun tí àgọ́ kò lè fi hàn

Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú oṣù keje ni ìpàdé náà. Òun sì ni àgọ́ yàn. Ó yan àkókò ọtí, ijó àti gòjé, ó fi ebi ìgbà òtútù sílẹ̀, ó fi gbèsè tí ọ̀pọ̀ alárù jẹ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè dá a lẹ́bi pátápátá, nítorí ta ni yóò wá fi ìsinmi rẹ̀ wo ebi? Ṣùgbọ́n àbájáde rẹ̀ ni pé alárù, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ alágbàṣe tí kò lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé, di aláyọ̀ tí ń kọrin lójú àlejò.

Àrùn ṣànpọ̀nná ti ọdún 1781 sí 1782, tí ó pa àìlóǹkà ènìyàn ní ilẹ̀ àárín àríwá náà, kò ṣeé fi ṣeré. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ọtí líle ṣe sí ìletò. Àwọn obìnrin onílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ àwọn oníṣòwò ní ìlànà ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń rán ọkọ̀, tí wọ́n ń hun bàtà yìnyín, tí wọ́n ń pèsè ìrẹsì inú omi àti ṣúgà igi. Ìwé Sylvia Van Kirk ti ọdún 1980 ni ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ wọn jáde kedere. Láìsí wọn, ebi ìbá ti pa òwò náà kú ní ọdún kìíní.

Àwọn ènìyàn dúdú náà wà níbẹ̀, bí àwòrán inú ìwé tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n láti fi wọ́n hàn. Jean àti Marie-Jeanne Bonga jẹ́ ẹrú ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan ní Mackinac, wọ́n sì gba òmìnira ní ọdún 1787. Pierre Bonga tí ó ti inú ìdílé wọn jáde bá Alexander Henry Kékeré ti North West Company ṣiṣẹ́ ní ẹkùn Odò Pupa. Obìnrin Ojibwe ni ó fẹ́. Ọmọ rẹ̀, Stephen, jẹ́ ògbufọ̀ níbi àdéhùn ilẹ̀ ti ọdún 1837. George náà di oníṣòwò awọ tí ó lókìkí ní Minnesota. Ìtàn wọn kì í ṣe ẹsẹ̀ kékeré nínú ìtàn òwò yìí, kò sì sí ìdí tí àgọ́ kan fi níláti máa gbé e sí ẹ̀gbẹ́.

Ọ̀ràn tí ó le jù ni ti aṣọ onílẹ̀ lára ẹni tí kì í ṣe onílẹ̀. Philip Deloria, nínú ìwé rẹ̀ Playing Indian (1998), fi hàn pé láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ti ń gbé àwọ̀ onílẹ̀ wọ̀ láti fi wá ẹni tí àwọn fúnra wọn jẹ́. Ní àgọ́ tí onílẹ̀ kò sí, kò sí ẹni tí yóò bi wọ́n léèrè.

Ẹni tí ó ni ilẹ̀

Ní Grand Portage, ẹni tí yóò bèèrè wà níbẹ̀. North West Company kó kúrò ní nǹkan bí ọdún 1803, nítorí ilẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà tí ilé-iṣẹ́ náà sì ń bẹ̀rù owó ibodè. Ó lọ kọ́ odi mìíràn sí ẹnu odò Kaministiquia, èyí tí ó di Fort William ní ọdún 1807. Odi yẹn náà ti ní àtúnkọ́ tí wọ́n ṣí fún àlejò ní ọdún 1973, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní ojú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Reluwé ti gba ibẹ̀. Àwọn Ojibwe ní tiwọn kò kó lọ sí ibì kankan. Àdéhùn La Pointe ti ọdún 1854 gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, ó sì ya Grand Portage sọ́tọ̀ fún wọn.

Nígbà tí wọ́n walẹ̀ wá ìpìlẹ̀ odi náà ní ọdún 1936 àti 1937, àwọn Ojibwe ibẹ̀ ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú owó ìjọba àpapọ̀. Àwọn náà ni wọ́n sì kọ́ odi àti gbọ̀ngàn padà ní ìparí àwọn ọdún 1930. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ibẹ̀ lè di ibi ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tí ó fìdí múlẹ̀ ní ọdún 1960. Àrá sán pa gbọ̀ngàn náà ní ọdún 1969, ó jóná, wọ́n sì tún un kọ́. Láti ọdún 1999 ni àdéhùn kan ti wà láàrin ìgbìmọ̀ Ojibwe ibẹ̀ àti àjọ tí ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba, tí wọ́n fi jọ ń ṣàkóso ibùdó náà. Ilé ìtàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 2007 sì ń sọ ìtàn onílẹ̀ pẹ̀lú ti oníṣòwò.

Èyí ni ó mú kí ọjọ́ tí àgọ́ ń péjọ ṣe pàtàkì. Oṣù keje ni ìpàdé àtijọ́. Oṣù kẹjọ ni ti òde òní, ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà tí àwọn Ojibwe ń ṣe àjọ̀dún ijó wọn. Àlejò tí ó bá kúrò láàrin àgọ́ funfun tí ó lọ sí ibi ìlù yóò bá àwọn ènìyàn tí aṣọ wọn kò ní ọdún ààlà kankan. Aṣọ ijó wọn ni, àwọn ìyá àti ìyá-ńlá wọn ni wọ́n rán an fún wọn, ẹni tí ó sì fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ tuntun tàbí òwú tuntun kún un kò bèèrè bóyá ó ti wà ní ọdún 1797. Kò sí ẹni tí ń ṣe bí ẹlòmíràn níbẹ̀. Bí ijó bá parí ní ọjọ́ Àìkú, àwọn afìtànhàn a tú àgọ́ wọn, wọn a di ẹrù sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wọn a sì gba ọ̀nà ilé; àwọn tí ó jó a kàn wọlé wọn.